Gbòǹgbò, Ewé àti Èròjà Ilẹ̀ Ọ̀wọ́n: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀fọ́ Ìlọrin

Mẹ́tàdínlógún ni àwọn èròjà tí à ń pè ní èròjà ilẹ̀ ọ̀wọ́n, lántánọ́ọ̀mù àti síríọ́ọ̀mù sì wà lára wọn. Orúkọ náà lè ṣini lọ́nà, nítorí síríọ́ọ̀mù nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó bàbà nínú ilẹ̀ ayé. Àwọn àpáta àtayébáyé tí Ìlọrin tẹ̀dó lé ní wọn nínú, bí àpáta náà sì ti ń jẹrà di ilẹ̀ ni wọ́n ń bá a wọ oko. Òkúta fọ́sífétì, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Hahotoé ní Tógò, tún máa ń gbé wọn wá nínú ajílẹ̀.

Lántánọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ bá kálísíọ́ọ̀mù dọ́gba ní títóbi, ìyẹn ló fi ń rí ọ̀nà wọ gbòǹgbò, pàápàá nínú ilẹ̀ tí ásíìdì pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n agbára iná mànàmáná ara rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ti kálísíọ́ọ̀mù jẹ́ méjì, nítorí náà ó máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò, fọ́sífétì inú ọ̀gbìn sì ń sọ ọ́ di iyọ̀ tí kò lè yọ́ mọ́. Ìwọ̀nba tó bá ráyè kọjá á bá omi gòkè dé ewé. Níbẹ̀ ni omi ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ, tí èròjà náà sì ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Kì í sábà padà sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú èso, ìdí nìyí tí gbòǹgbò fi ń ní in jù, tí ewé tẹ̀ lé e, tí hóró ọkà sì kéré jù.

Nílẹ̀ Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi èròjà wọ̀nyí sínú ajílẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, ìrẹsì, àlìkámà àti àgbàdo ni wọ́n yẹ̀ wò jù. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí hóró ọkà fúnni kò ṣeé gbé wá sórí ọbẹ̀ Ìlọrin bẹ́ẹ̀, nítorí ewé gan-an ni oúnjẹ níbí. Ẹni tó gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ní àdúgbò Adéwọlé tàbí sí ẹ̀bá odò Àsà máa ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ilẹ̀ pupa á sì há sí ìdí ewé. Ilẹ̀ yẹn ní èròjà náà lọ́pọ̀ ìlọ́po ju ewé lọ. Ẹ̀kúnwọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa lè sọ èsì àyẹ̀wò di ti erùpẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń wọn títaníọ́ọ̀mù, tí ọ̀gbìn kì í fà tó nǹkan, kí wọ́n lè mọ iye tó jẹ́ ti ilẹ̀ lásán. Ọ̀ràn gbágùúdá, tí a ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀, yàtọ̀: láti inú ewé ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń sọ̀ wálẹ̀, nítorí náà èèpo tí a ń bó dànù ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Àyẹ̀wò tó bá fẹ́ sọ òótọ́ nípa oúnjẹ Ìlọrin gbọ́dọ̀ wọn gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ lọ́tọ̀, ewé lọ́tọ̀, kí ó sì wọn ewé kan náà kí a tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tí a bá ti fi omi mẹ́ta ṣàn án.