Bí Ìrántí Àwọn Onígbàgbọ́ Àkọ́kọ́ Ṣe Di Ìwé

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àróbá, àróbá sì ni baba ìtàn. Ọ̀nà àróbá yìí náà ni ìhìn rere gbà kí ó tó di ìwé. Papias, bíṣọ́ọ̀bù Hierapolis, jẹ́rìí pé ohùn àwọn tí ó wà láàyè ṣe òun láǹfààní ju ìwé lọ, òun náà ni ó sì sọ pé Máàkù, ògbufọ̀ Pétérù, ni ó kọ ohun tí Pétérù rántí sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí láàrin àwọn ará Ewe tí wọ́n gba àwa Yorùbá lálejò ní Lomé, láti àdúgbò Nukafu títí dé etí òkun. Ní 1847 ni ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Bremen rán Lorenz Wolf láti Jámánì wá sí Peki ní ilẹ̀ Ewe, nígbà tí yóò sì fi di 1857, Bernhard Schlegel ti tẹ ìwé gírámà èdè Ewe jáde. Ṣùgbọ́n Jakob Spieth, aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè náà, ni mo júbà fún jù lọ. Nítorí nígbà tí ó tẹ ìwé ràbàtà rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀yà Ewe jáde ní 1906, kò kàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kí ó sọ ọ́ di ti Jámánì pátápátá, bí kò ṣe pé ó tẹ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ti sọ ọ́, ó wá gbé ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ogun 1914 gba Togo lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, síbẹ̀ ìjọ kò fọ́n ká: ní 1922, àwọn ọmọ onílẹ̀ pé jọ ní Kpalimé, wọ́n sì fi Pásítọ̀ Andreas Aku ṣe olórí.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, akin nínú àwọn akọ̀wé, parí ìtàn ńlá rẹ̀ ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sì sọnù sí ìlú Òyìnbó. Johnson ti kú ní 1901 kí Obadiah àbúrò rẹ̀ tó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Iṣẹ́ takuntakun ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn arọ́kin ń sọ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin Onígbàgbọ́ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Nukafu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àti baba yín nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè; ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ pe àdúrà ní èdè wa ní ìlú yìí, kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí wọ́n ti sọ ọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ.