Òórùn Igi: Ti Ọkùnrin Ni àbí Ti Obìnrin?

Ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà la fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá èyí tó ń ta sánsán bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó ti di àṣà nínú ọjà wa pé kí olùtajà kọ́kọ́ béèrè pé, "Ti ọkùnrin ni àbí ti obìnrin?" kó tó ṣí ìgò. Bí ọmọbìnrin bá na ọwọ́ sí èyí tó ní òórùn igi, wọ́n á ní ti bàbá rẹ̀ ló fẹ́ gbé. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá sì fẹ́ èyí tó rọ̀ díẹ̀, ẹ̀rín ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ka ìwà èèyàn láti inú ìgò: wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ràn òórùn igi, ẹni jẹ́jẹ́ ni, tó mọ ohun tó ń ṣe, tí kì í bá ayé pariwo. Owó kékeré kọ́ ni àwọn ọmọ wa ń ná nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó yẹ ká mọ ibi tó ti wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Lọ́fíńdà tí à ń pè é yìí, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti mú un, orúkọ òdòdó kan tó ń ta sánsán ni lédè wọn. Parfum tí àwọn Faransé ń pè é, láti inú èdè Látìnì ló ti wá: per fumum, ìyẹn "nípasẹ̀ èéfín". Oje igi àti igi olóòórùn ni àwọn ará àtijọ́ ń jó kí ilé àti aṣọ lè gba òórùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń jó tùràrí títí dòní. Èéfín tùràrí kò sì yan ọkùnrin, kò yan obìnrin. Ẹni tó bá wà nínú yàrá ló bá. Àwọn àgbà wa ní ìwà dà bí èéfín, kò ṣeé bò mọ́ra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èéfín inú òwe yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò.

Osùn ńkọ́? Igi ni osùn. Orí ọlọ ni wọ́n ti ń fi omi lọ̀ ọ́ títí yóò fi pupa kunkun. Wọ́n ń fi kun ara ọmọ tuntun, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Wọ́n ń fi kun ìyàwó tuntun àti abiyamọ. Ẹni tí wọ́n ń ṣe òrìṣà fún, tọkùnrin tobìnrin, osùn àti ẹfun ni wọ́n fi ń kun orí rẹ̀, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Kúbà sì gbé àṣà yìí dé ọ̀hún. A ò sọ pé lọ́fíńdà ni osùn o. Àwọ̀ rẹ̀ àti oore tó ń ṣe fún ara ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n lọ̀ mọ́ ara ènìyàn ni, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè pé ti ta ni.

Ní Yúróòpù pàápàá, ọ̀rọ̀ kò fi gbogbo ìgbà rí bó ṣe rí lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọmọ Ítálì kan, Johann Maria Farina, ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Cologne ní Jámánì. Omi olóòórùn rẹ̀ ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí eau de Cologne. Tọkọtaya ló ń lò ó, Napoléon fúnra rẹ̀ kì í sì í fi ṣeré. Nígbà tí Aimé Guerlain gbé Jicky jáde ní Paris ní 1889, tọkùnrin tobìnrin ló tún ń fín in.

Ibi tó ti dùn nìyí. Ní 1926, Chanel ṣe ọ̀kan tó pè ní Bois des Îles, tó túmọ̀ sí "igi àwọn erékùṣù". Igi santal ni òpó rẹ̀, obìnrin ni wọ́n sì ṣe é fún. Kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn náà tí Carven gbé Vétiver jáde ní 1957, tí Guerlain náà sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1959. Gbòǹgbò koríko ni vétiver, ṣùgbọ́n àárín òórùn igi ni wọ́n kà á mọ́. Ọkùnrin ni wọ́n ń ta àwọn yẹn fún. Díẹ̀díẹ̀, òórùn igi di ti ọkùnrin, ti òdòdó di ti obìnrin. Ṣé igi ló yí padà ni? Rárá. Ní tiwa, a rò pé ìṣirò ọjà wà níbẹ̀: ilé tí tọkọtaya ti ń lo ìgò kan, ìgò méjì ni yóò máa rà báyìí.

Ẹni tó wá da ọ̀rọ̀ náà rú ni Serge Lutens, ọmọ ìlú Lille ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1968 ló kọ́kọ́ dé Mòrókò. Ní Marrakech, òórùn igi kédárì gbà á lọ́kàn, igi tó ń hù lórí òkè Atlas, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ ń fi ṣiṣẹ́. Ó ju ogún ọdún lọ kí òórùn yẹn tó di ohun tó ṣeé fín sára. Ní 1992, òun àti Shiseido, ilé iṣẹ́ àwọn ará Jàpáànù, gbé Féminité du Bois jáde. Pierre Bourdon àti Christopher Sheldrake ló po ó. Kédárì ni wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀, wọ́n wá fi òórùn èso prune, ti òdòdó violette àti ti kànáfùrù yí i ká. Ẹ wo orúkọ tó sọ ọ́: "jíjẹ́ obìnrin tó wà nínú igi". Obìnrin ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ àwọn ọkùnrin náà ń fín in. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1994, Calvin Klein gbé CK One jáde fún tọkùnrin tobìnrin, kò sì fi bò.

Ní ti ìwà jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń sọ yẹn, ohun kan ló fà á. Òórùn ọsàn fúyẹ́, kíá ló ń fò lọ lára. Òórùn igi wúwo, kì í yára gbéra, ìdí nìyí tó fi máa ń kù sára aṣọ di alẹ́ nígbà tí ìyókù ti lọ. Igi ló ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹni tó fín in lè jẹ́ aláròyé jù lọ ní àdúgbò.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ fín díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́, kí ẹ rìn yí ọjà ká fún wákàtí kan, kí ẹ tó gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má jẹ́ kí olùtajà fi ìbéèrè "ti ta ni" lé yín kúrò nídìí èyí tó bá ara yín mu. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà nílé ní Kétu àti Ṣábẹ, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè: igi wo, ewé wo tàbí èso wo ni wọ́n ń kó sáàárín aṣọ inú àpótí kó lè máa ta sánsán? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ fún wa bí wọ́n ṣe ń pè é ní ìlú yín.