Ta Ni Ó Wà Níbẹ̀?

Bí ìwọ bá jókòó ti àgbà kan ní Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, yóò sọ fún ọ pé Ọlálọmí, ọmọ ọba tí ó ti Ọ̀yọ́ wá, ni ó tẹ ìlú náà dó. Bí o bá bi í léèrè ọdún tí èyí ṣẹlẹ̀, ó lè dákẹ́. Nítorí ìdákẹ́ yìí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn fi ń rẹ́rìn-ín pé, ìtàn tí a kò kọ sílẹ̀, àlọ́ ni. Ǹjẹ́ òtítọ́ ni wọ́n sọ bí?

Rántí pé ìwé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ iyèméjì. Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní Ìlú Òyìnbó. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ìtàn ayé àtijọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ìwé gbọ́, tí ó sì pe ọ̀rọ̀ ẹnu ní àlọ́, kò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ṣé kí a má gba ohunkóhun gbọ́ mọ́ ni? Rárá o! Ní 1890 ni ogun Ìlọrin kó Ọ̀fà. Johnson ń bẹ láàyè nígbà náà. Àwọn tí ojú wọn rí i sì sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Èyí dájú ju ọdún ìtẹ̀dó lọ, nítorí pé ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò jìnnà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ẹni tí ó jẹ̀bi nínú ogun náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ tirẹ̀. Níbẹ̀ ni kí o ti rọra.

Nítorí náà, má ṣe gba ohun gbogbo gbọ́, má sì ṣe kọ ohun gbogbo. Béèrè pé: Ta ni ó wà níbẹ̀? Lẹ́nu ta ni èyí tí ń sọ̀rọ̀ ti gbọ́? Èrè wo ni yóò jẹ bí ó bá parọ́? Lẹ́yìn èyí, padà tọ àgbà tí ó dákẹ́ nì lọ, kí o sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò mọ ọdún náà, kò sì hùmọ̀ ọdún kan fún ọ. Ẹni tí ó mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ pin sí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gbọ́.