Ṣòkòtò Tó Ṣiṣẹ́ Àrán: Aṣọ, Kẹ̀kẹ́ àti Ọ̀nà Àgbádárìgì

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1830, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard àti John Lander, gúnlẹ̀ sí etíkun Àgbádárìgì. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun, ìrìn tí yóò gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n padà délé, wọn kò fi aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà pamọ́: akẹtẹ̀ tó fẹ̀ ju agboòrùn lọ, ẹ̀wù pupa gbàgẹ̀rẹ̀ bíi ti àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú ìgbànú, ṣòkòtò ńlá bíi ti àwọn ará Tọ́kì, àti bàtà gígùn. Àwọn ará ìlú tó jáde wá wò wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àwọn obìnrin tí ojú ń tì yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn àlejò má baà rí ẹ̀rín wọn.

Kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n aṣọ náà kò burú tó bí ó ti rí lójú. Richard Lander kì í ṣe àjèjì sí ọ̀nà náà. Ní ìparí ọdún 1825 ni ó ti kọ́kọ́ tẹ̀ lé Hugh Clapperton gba Àgbádárìgì wọ inú ilẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Pearce àti Dókítà Morison tí wọ́n jọ wá fi kú lójú ọ̀nà. Clapperton fúnra rẹ̀ kú nítòsí Sókótó ní oṣù Kẹrin ọdún 1827. Àìsàn ló mú wọn lọ, kì í ṣe aṣọ. Síbẹ̀, ẹni tó ti rin ọ̀nà náà lọ tó sì rìn ín bọ̀ ni ó padà dé ní 1830 láìwọ kóòtù fífún, tí ó wọ ẹ̀wù tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ohun tó pa àwọn èrò lẹ́rìn-ín lára òyìnbó méjèèjì yìí, àwọn ahunṣọ àti aránṣọ ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́tipẹ́. Ẹlẹ́ṣin a máa wọ kẹ̀m̀bẹ̀, ṣòkòtò tó gbòòrò nídìí tó sì fún nísàlẹ̀, kí itan lè ráyè lórí gàárì. Àgbẹ̀ a máa wọ kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì tí wọ́n gbé dúró, tí ẹ̀gún àti iṣẹ́ kì í tètè gbó. Dàńṣíkí jẹ́ kí apá lè jù síwá sẹ́yìn bó ti wu ẹni tó wọ̀ ọ́. Agbádá ní tirẹ̀, aṣọ ìjókòó àti òde ni. Kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ kọ ebè.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò tó ṣiṣẹ́ àrán, oko ló ń gbé. Àrán ni ó ń lọ sí òde ayẹyẹ. Ṣòkòtò tí a fi làágùn kí owó àrán tó pé, inú ahéré ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtàn aṣọ ṣe rí létíkun yìí. Àwòrán àwọn ọba, àwọn oníṣòwò ńlá àti àwọn òyìnbó nínú aṣọ ọlá wọn wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Aṣọ ẹni tó ń jíṣẹ́ láàárín wọn ni kò sí ẹni tó rántí tọ́jú.

Ní ọdún 1842, àwọn ajíhìnrere dé Àgbádárìgì: Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní oṣù Kẹsàn-án, Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà ní oṣù Kejìlá. Ẹ̀sìn tí wọ́n mú wá bá kóòtù dúdú àti kọ́là líle rìn. Ìgbàgbọ́ àwọn oníṣègùn òyìnbó nígbà náà ni pé ó yẹ kí ẹni tó bá ń gbé ilẹ̀ olóoru fi fúlánẹ́ẹ̀lì, aṣọ irun àgùntàn, sún mọ́ ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru kí òtútù má baà dá àìsàn sí i lára. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí ẹ̀rí pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ara wọn bọ inú ooru lórúkọ ìlera.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti Èkó gba Àgbádárìgì mọ́ra ní 1863, kóòtù náà kúrò ní aṣọ àlejò, ó di àmì ọ̀làjú. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, nítorí náà akọ̀wé tó fẹ́ kí wọ́n kí òun ní láti wọ ohun tí àwọn aláṣẹ ń kí. Àwọn kan kọ̀ ọ́. Ní Freetown, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ń gbé, wọ́n dá ẹgbẹ́ àtúnṣe aṣọ sílẹ̀ ní 1887. Ní Èkó, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń pè ní David Brown Vincent yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mọ́jọlá Agbébí ní 1894, ó sì fi aṣọ òyìnbó sílẹ̀ pátápátá. Aṣọ Yorùbá ni ó wọ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè pàápàá. Ọ̀rọ̀ iyì ni àwọn ènìyàn fi àríyànjiyàn náà ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara náà wà nínú rẹ̀: ta ni aṣọ wà fún, ẹni tó wọ̀ ọ́ ni tàbí ẹni tó ń wò ó?

Kẹ̀kẹ́ ológeere ló wá dá ìbéèrè yìí lóhùn lọ́nà tí ìwàásù kò lè gbà dá a lóhùn. Ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ méjèèjì dọ́gba jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó kẹ̀kẹ́ wá sí Èkó. Nígbà tó yá, ó di ẹṣin olùkọ́, ajíhìnrere, akọ́dà, wolé-wolé, oníṣòwò kòkó àti ẹni tó ń pín lẹ́tà.

Ẹṣin yìí kò mọ ọlọ́lá. Ẹni tó bá fi agbádá gùn ún ní láti ká a lé èjìká tàbí kí ó bọ́ ọ kí ó dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, nítorí ṣéènì tó bá gbá etí aṣọ mú kò ní dá a sílẹ̀ láìya. Ẹni tó wọ ṣòkòtò gígùn ní láti fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí kí ó kì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni ṣòkòtò péńpé oníkakí ti gba ipò. Kakí fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ní Íńdíà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àwọ̀ erùpẹ̀. Wọ́n fi wọ ọmọ ogun nítorí pé kì í fi ìdọ̀tí hàn. Òun ló di aṣọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, akọ́dà àti ọmọ ilé-ìwé.

Ti obìnrin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1898, ilé ìtura kan ní abúlé Ockham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti gba Lady Harberton sí yàrá tí àwọn èèyàn pàtàkì ń jókòó sí, nítorí pé ṣòkòtò ni ó fi gun kẹ̀kẹ́ wá. Ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, wọn kò sì jàre. Obìnrin ilẹ̀ Yorùbá tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ìró mọ ìnira náà láìjẹ́ pé ó gbọ́ orúkọ Harberton rí. Ó ní láti ká ìró sókè, kí ó sì wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́, tàbí kí ó wá kẹ̀kẹ́ tí irin àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀.

Àgbádárìgì kò tètè jẹ́ ìlú kẹ̀kẹ́. Etí ọ̀sà, nítòsí òkun, ni ó wà. Iyanrìn ibẹ̀ ń gbé táyà mì, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ń kó èrò lọ sí Èkó àti Àjàṣẹ́ láti ayébáyé. Reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 kọjú sí Ìbàdàn, kò yà síhà ibẹ̀. Àwọn ọdún 1970 ni títì ńlá láti Èkó dé ààlà Sẹ̀mẹ̀ tó là, gẹ́gẹ́ bí ara ọ̀nà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fẹ́ fi so Èkó pọ̀ mọ́ Dakar. Lónìí, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 dé Mile 2. Ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀ tí ó ń lọ sí Òkókómáíkò, Agbára àti Àgbádárìgì, ọ̀nà títì ló kù fún un, èyí tó ju 50 kìlómítà lọ. Bí ó bá sì jẹ́ kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn, aṣọ ara rẹ̀ nìkan ni ilé tó ní títí yóò fi débẹ̀.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ aṣọ kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àfẹ́. Nínú agbára tí ara ń ná lórí kẹ̀kẹ́, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ó ń yí pẹ́dà. Ooru ni gbogbo èyí tó kù. Òógùn ni ara fi ń lé ooru náà jáde, ṣùgbọ́n òógùn kì í tu ara àfi tó bá gbẹ. Létí òkun, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, nítorí náà òógùn kì í tètè gbẹ. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dára fún ìrìn kúkúrú. Bí ìrìn bá gùn, yóò mu òógùn yó, yóò wúwo, yóò sì máa ha ara lábẹ́ abíyá àti láàárín itan. Ìránpọ̀ ṣòkòtò jíìnsì tó bọ́ sí orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ a máa bó ènìyàn lára kí ó tó dé Agbára.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ní Yúróòpù náà jìyà kí wọ́n tó mọ̀. Nígbà tí ìdíje yíká ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1903, ẹ̀wù irun àgùntàn ni wọ́n ń wọ̀. Ọdún 1958 ni Joseph Shivers ti ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe òwú tó ń fà bíi rọ́bà tí wọ́n pè ní Lycra, tó wá di ṣòkòtò agunkẹ̀kẹ́. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ òtútù ni aṣọ mẹ́ta lórí ara wọn: ti abẹ́ ń fa òógùn kúrò lára, ti àárín ń pa ooru mọ́, ti òkè ń dènà òjò àti afẹ́fẹ́.

Lọ́nà Àgbádárìgì, ìlànà náà ní láti yí padà. Aṣọ àárín kò wúlò àfi ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní. Ẹ̀wù kan tó ṣeé bọ́ ká sínú àpò nígbà tí oòrùn bá yọ ti tó. Ti abẹ́ ni kí ó fúyẹ́ kí ó sì tètè gbẹ. Ti òkè, kí ó gbà afẹ́fẹ́ láàyè, kí ó gùn débi ọwọ́ nítorí oòrùn, kí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kí awakọ̀ lè rí i ní ìdájí. Ní oṣù Kẹfà àti Keje tí òjò ń rọ̀ jù, aṣọ òjò tí kò ní ihò afẹ́fẹ́ a máa fi òógùn rẹ ẹni tí òjò kò rí rẹ. Èyí tó ṣí lábẹ́ apá àti lẹ́yìn sàn jù ú lọ. Ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀, ṣòkòtò tó gbòòrò nídìí tó fún nísàlẹ̀, fìlà tó ṣíji bo ojú: ẹlẹ́ṣin àtijọ́ kò ní ṣàjèjì sí i.

Ibi tí aṣọ náà ti ń wá ló tún mú ìtàn yìí padà sí etíkun. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni ó pín àwọn Ògù àti àwọn Yorùbá sí ìhà méjì ààlà. Lónìí, òfin Nàìjíríà kò gba kíkó aṣọ òkírìkà wọlé, ṣùgbọ́n ó ń gba Kùtọnú wọlé síbẹ̀, àwọn aṣọ́bodè sì ń gba ìdì rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́. Nínú àwọn ìdì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀wù eré ìdárayá tó tètè ń gbẹ wà, èyí tí ẹni tí kò lówó tuntun lè rà. Aṣọ tó bá ara ọ̀nà mu jùlọ wá di ohun tí tálákà ń rà ní ìkọ̀kọ̀, nígbà tí agbẹjọ́rò ṣì ń wọ ìrun orí òyìnbó àti ẹ̀wù dúdú nílé ẹjọ́ tí ooru ti ń mú, tí ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ní etíkun ní 1830 rò pé àwọn àlejò ló wọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà, àwọn tó kọ́ bí a ti ń fi aṣọ gba iyì ló wọ̀ ọ́ jù. Àgbẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti ẹni tó ń wa pẹ́dà ní ìdájí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Àgbádárìgì kò ní àyè fún un. Ṣòkòtò wọn ló ń ṣiṣẹ́ àrán. Ó tó àkókò kí ó kúrò nínú ahéré wá sójú ìtàn.