Ìrántí Ẹni tí Kò Joyè: Níbo ni Orúkọ Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Yorùbá Wà?

Àbá kan ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, pé àwọn baba ńlá wa kò ní ètò kankan fún rírántí ẹni tí kò joyè, tí kò jagun, tí kò sì lówó lọ́wọ́. Ọba ní arọ́kin. Ológun ní asunrárà. Olówó a máa rí onílù tí yóò kì í lẹ́nu ọ̀nà. Àgbẹ̀ abúlé ní tirẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá kú tán ni òun náà kú pátápátá. Wọ́n tún fi kún un pé bí a bá fẹ́ gbọ́ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀, inú ìwé tí òyìnbó kọ nìkan ni ká wò. Àbá yìí dùn létí, ó sì rọrùn láti tún sọ. Ṣùgbọ́n ó ṣìnà.

Ká má parọ́, ẹ̀rí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò kéré. Ìwé ńlá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah ṣètò kó tó jáde ní 1921, ọ̀rọ̀ ọba, ìjòyè àti ogun ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Adébóyè Babalọlá tẹ Àwọn Oríkì Bọ̀rọ̀kìnní jáde ní 1975, orúkọ ìwé náà sì ti sọ irú ẹni tí wọ́n ń kì. Karin Barber gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970. Ìwé tó fi ìwádìí rẹ̀ kọ ní 1991 fi hàn bí ọkùnrin kan ṣe ń di ẹni ńlá nípa kíkó èrò yí ara rẹ̀ ká, tí ẹnu àwọn èrò náà á sì gbé orúkọ rẹ̀ ròkè. Ìwé yìí gan-an ni wọ́n sábà máa ń gbé sókè bí ẹni pé ó ti parí ẹjọ́. Wọ́n gbàgbé pé oríkì ni Barber lọ wádìí, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà tí abúlé ń gbà rántí. Ẹni tó lọ sí ìsọ̀ ẹran, tí kò bá ẹ̀fọ́ níbẹ̀, kò lè wí pé ìlú náà kò ní ẹ̀fọ́.

Ohun tí oríkì jẹ́ àti ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ìtàn, ẹni tó ń ka irú ìwé báyìí ti mọ̀ ọ́n, kò sì yẹ ká máa fi àsìkò ṣòfò lórí rẹ̀. Ká kàn sọ pé nínú oríkì pàápàá, àbá náà kò dúró dáadáa. Ọmọ ọba lè jẹ́ Àjàní. Ọmọ ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lè jẹ́ Àjàní. Oríkì orílẹ̀ kì í béèrè iye tó wà lápò ọmọ Olúòjé tàbí ọmọ Oníkòyí kí wọ́n tó fi kì í. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ ni yóò sun ẹkún ìyàwó fúnra rẹ̀, tí yóò dárúkọ bàbá àti ìyá tó bí i, ì báà jẹ́ olówó ni wọ́n tàbí ẹni tí kò ju oko ẹ̀gẹ́ kan lọ. Ní Kétu àti káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, òru ẹ̀fẹ̀ kò mọ tálákà yàtọ̀: olè, alágbèrè, ọkọ tí kò bọ́ ìyàwó, gbogbo wọn ló ń gbọ́ orúkọ ara wọn lẹ́nu ẹlẹ́fẹ̀ níwájú ìlú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ẹ̀fẹ̀ jẹ́ apá kan rẹ̀ ni UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tó jẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Togo lápapọ̀. Ìrántí ìtìjú ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrántí ẹni tí kò joyè ni.

Ìrántí tí a ń kì àti ìrántí tí a ń lò

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dúró sórí oríkì, torí orí rẹ̀ ni àwọn alábàá náà fẹ́ ká dúró sí. Ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ wa kò tíì fún ní àyè tó tọ́ sí i, òun sì ni ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ìrántí kan wà tí a máa ń kì. Ó nílò ẹnu, ó nílò etí, ó nílò ọjọ́ àríyá tàbí ọjọ́ òkú. Ìrántí mìíràn wà tí a máa ń lò. Kò nílò onílù, kò nílò èrò. Iṣẹ́ ló nílò. Ti àkọ́kọ́ ń gbé ènìyàn ga. Ti èkejì kò gbé e ga rárá, ó kàn mú kó ṣòro láti ṣe nǹkan kan láìdárúkọ rẹ̀.

Ẹ wo àáró. N. A. Fádípẹ̀, ẹni tó parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí kò sì di ìwé títí di 1970, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń pín iṣẹ́ oko ara wọn ṣe ní ṣíṣẹ̀-ń-tẹ̀lé. Ohun tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ sábà máa ń rí níbẹ̀ ni ìfẹ́ àti ìṣọ̀kan. Ìṣirò ló yẹ kí wọ́n rí pẹ̀lú. Ebè tí Lágbájá kọ lóko Làmọ́rìn, gbèsè ni, gbèsè kò sì ṣeé gbàgbé fún ẹni tí wọ́n jẹ. Èésú náà nìyẹn: ẹni tó dá, iye tó dá, ẹni tó kó o, ẹni tó kàn. Nínú èésú, tálákà àti bọ̀rọ̀kìnní ni a ń rántí lọ́gbọọgba, torí owó wọn jọ wà nínú rẹ̀.

Igi ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Ní nǹkan bí 1880, J. P. L. Davies ti ń gbin kòkó ní Ìjọn nítòsí Agége. Àwọn tó wá ṣe lébìrà ní àwọn oko Agége gbé irúgbìn padà sílé, kó tó pẹ́ kòkó ti dé agbègbè Ìbàdàn, ó sì kọjá lọ sí ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Oǹdó. Kòkó kì í ṣe àgbàdo. Ẹni tó gba ilẹ̀ dá oko lè gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ láìsí ìjà, ṣùgbọ́n kó tó gbin kòkó tàbí obì, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, torí igi tó ń so fún ogójì ọdún máa ń di ẹ̀tọ́. Ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀. Onílẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ẹni tó gbìn ín ń ká èso. Nítorí náà, dandan ni kí àwọn ènìyàn rántí ta ló mú àlejò wọ̀lú, ta ló fi ibi tí yóò ro hàn án, kí ló gbé wá fún onílẹ̀, ta ló wà níbẹ̀ tó ṣẹlẹ́rìí, igi wo ló kọ́kọ́ gbìn, ibo ni pèrègún ààlà wà, ọwọ́ ta ló sì rì í mọ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tó wà nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Kò sí èyí tó bèèrè bóyá ẹni náà ní ẹṣin, bóyá ó ní ìyàwó púpọ̀, bóyá ó tóbi lójú ìlú. Àgbẹ̀ tí asunrárà kan kò dárúkọ rí láyé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á máa jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ọdún dé ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ká kòkó, nítorí aládùúgbò fẹ́ sún ààlà, nítorí onílẹ̀ fẹ́ fi owó kún ìṣákọ́lẹ̀. Ìjà ló ń pa ìrántí yìí mọ́. Ibi tí ìjà bá ti tán, bóyá torí kòkó gbẹ tàbí torí ìjọba gba ilẹ̀, ibẹ̀ ni ìgbàgbé ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn adájọ́ ti rí ìyàtọ̀ yìí kí àwa tó rí i. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìkíní. Ṣùgbọ́n láti 1957, nínú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie tó wá láti Gold Coast, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ti sọ pé bí ìtàn tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́ lẹ́nu baba wọn bá takora, kí adájọ́ wo àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tí ojú àwọn alààyè tó. Ta ló ń dá oko níbẹ̀? Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Ìtàn ẹnu ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi ṣe ẹlẹ́rìí, ìlò ni adájọ́ fi dánwò. Àwọn kóòtù ìbílẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kún fún irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé, tí akọ̀wé kóòtù sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé tí àwọn oníwàádìí kò fi rí i? Ibi tí wọ́n jókòó sí ni. Àgbẹ̀ Ìbàdàn ní ilé nínú ìlú, ó ní abà lóko. Abà ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé ló ti ń ṣọdún, ilé ni wọ́n sì máa ń gbé òkú rẹ̀ wá. Ìrántí tí a ń kì wà nínú agbo ilé nígboro. Ìrántí tí a ń lò wà lábẹ́ kòkó. Oníwàádìí dé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ oríkì àwọn ẹni ńlá, ó padà sí yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń dárúkọ Omi Àdìó. Kò sí ẹṣin tàbí oyè nínú orúkọ yẹn, àfi omi, àti oríkì àbísọ tí ọkùnrin èyíkéyìí lè jẹ́.

Ti inú ìwé ńkọ́?

A kò sẹ́ pé ìwé wà. Nínú Polyglotta Africana tó jáde ní 1854, Sigismund Koelle kọ ìtàn kúkúrú nípa àwọn tó kọ́ ọ ní èdè ní Freetown, lára wọn àwọn ọmọ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Yàgbà: ibi tí wọ́n ti wá, ọjọ́ orí wọn nígbà tí wọ́n kó wọn lẹ́rú, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé Sàró. Ìwé ìròyìn iṣẹ́ tí àwọn àlùfáà àti olùkọ́ ìjọ CMS ń fi ránṣẹ́, èyí tí J. D. Y. Peel lò fún ìwé rẹ̀ ti ọdún 2000, kún fún ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n bá pàdé lójà àti lọ́nà oko. Ọmọ Yorùbá ló pọ̀ nínú àwọn tó kọ àwọn ìròyìn wọ̀nyí. Ìwé òyìnbó nìkan dà nígbà náà? Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san, tó wà ní yunifásítì Ìbàdàn, kò jáde láti ọwọ́ òyìnbó kankan. Àwọn tó jẹ ìdílé rẹ̀ lówó ìṣákọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ìdà kejì, ìwádìí tí Galletti, Baldwin àti Dina ṣe lórí àwọn ìdílé tó ń gbin kòkó, tó jáde ní 1956, ka oúnjẹ wọn, ó ka owó wọn, ó ka gbèsè wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á tán yóò mọ ohun tí ìdílé kan ná lórí aṣọ ju ohun tí wọ́n ń pe bàbá wọn lọ.

Agbẹ́kọ̀yà sì jẹ́ ẹ̀rí fún ìyàtọ̀ àárín ìrántí méjì tí a ti ń sọ bọ̀. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde sí owó orí. Wọ́n ní ṣílè 30 ni agbára àwọn ká. Ẹ̀mí sọnù lọ́pọ̀, títí kan ti Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní July 1969. Ní October ọdún náà, lẹ́yìn tí Olóyè Awólọ́wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 2. Ìrántí tí a ń kì mú Tàfá Adéoyè ará Àkánrán dání, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀ wà nínú ìwé owó orí tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ẹní kí akódà má bàa mú wọn, wọ́n sì wà lẹ́nu àwọn tó jogún oko wọn.

Ìṣọ́ra tó yẹ

A kò fẹ́ sọ àsọdùn. Ìrántí tí a ń lò ní ẹ̀tanú tirẹ̀, ẹ̀tanú náà sì burú. Ó ń rántí ẹni tó gbìn, ó ń gbàgbé ẹni tó roko. Àwọn alágbàṣe láti ilẹ̀ Ìgbìrà àti Àgàtú, àwọn tó ti Kútọnu àti Togo wá, wọ́n ro kòkó, wọ́n là á, wọ́n sá a, wọ́n gba owó wọn, wọ́n lọ. Nítorí pé ẹnìkan kò jẹ wọ́n ní gbèsè mọ́, ẹnìkan kò dárúkọ wọn mọ́. Ti obìnrin tún dunni ju ìyẹn lọ. Ìyàwó tó fi ogún ọdún ru kòkó ọkọ rẹ̀ kì í jogún oko náà lábẹ́ àṣà wa, torí náà nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, orúkọ rẹ̀ kì í wúlò fún ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ ni oríkì ti ń ṣàtúnṣe díẹ̀, torí obìnrin ilé ló ń kì í jù, kò sì gbàgbé ìyá rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ó jẹ́ pé abúlé Yorùbá ń rántí púpọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ó ṣeé ṣe kí ìwádìí mìíràn yí èyí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún kọ ọ́ pé àgbẹ̀ kò ní ẹni tó rántí òun, kó kọ́kọ́ sọ iye ẹjọ́ ààlà tó kà, àti iye abà tó dé.

Ohun tó kù láti ṣe

Àkójọ kan wà tí ọwọ́ kò tíì tó: ìwé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ta kòkó. Lẹ́yìn òfin 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì bá Marketing Board ṣiṣẹ́ láti 1947 títí ìjọba fi pa á rẹ́ ní 1986. Owó kòkó ló kọ́ Ilé Kòkó tí wọ́n ṣí ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Orúkọ àwọn tó gbin kòkó náà wà nínú ìwé ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀n ohun tí wọ́n gbé wá, owó tí wọ́n yá, àti ọjọ́ tí wọ́n san án. Ikán ń jẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú yàrá akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ọ̀pọ̀ abúlé.

Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà síwájú àwọn ìdílé, kí ẹnu àti ìwé lè tú ara wọn wò. Àwọn abúlé ojú ọ̀nà Àkánrán ni yóò ṣáájú. Ìbéèrè kan yóò jẹ́ ti ìgbà tí ìjọba ń gé kòkó tó lárùn lulẹ̀ láti nǹkan bí 1946, tí àwọn àgbẹ̀ sì dá Ẹgbẹ́ Máyégún sílẹ̀ láti kọ̀ ọ́: ta ni ìwọ̀n kòkó rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, ta ni kò sì padà wá mọ́? Ìbéèrè tó ṣe kókó jù jẹ́ ti àwọn obìnrin: àwọn wo ló wọn kòkó ní orúkọ ara wọn, àwọn wo ló sì ń wọn ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ní orúkọ ọkọ tó ti kú?