Bí Ara Ọmọ Bá Gbóná Lóru: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Nílé, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Ẹ Gbéra

Ara gbígbóná kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Àmì àìsàn ni. Ó lè jẹ́ màláríà, ọ̀fìnkìn, etí dídùn tàbí òtútù àyà. Nítorí náà, bí ara ọmọ bá tutù lẹ́yìn oògùn, a kò tíì lè sọ pé ọ̀ràn ti tán.

Ẹ̀yìn ọwọ́ nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ra tẹmómítà, ẹ fi há ọmọ lábíyá. Bí ó bá tó 37.5°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ọmọ gbóná. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 kò ní ìtọ́jú ilé: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìtọ́jú nílé

Ẹ bọ́ fìlà àti aṣọ òtútù kúrò lára ọmọ, ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un, ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ẹ má fi omi tútù wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń gbọ̀n, ṣe ni ara rẹ̀ á tún máa gbóná sí i. Ẹ fún un lọ́mú léraléra. Èyí tó ti já lẹ́nu ọmú, ẹ máa fún un ní omi àti ògì díẹ̀díẹ̀.

Bí ara bá ń ni ín, ẹ lè fún un ní Paracetamol. Ìwọ̀n ọmọ la fi ń mọ iye tó yẹ: mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kan. Ọmọ tó wọn kílò 10 á lo mílígíráàmù 100 sí 150 lẹ́ẹ̀kan. Ó kéré tán, kí wákàtí 4 wà láàárín, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ẹ ka ara ìgò dáadáa, nítorí èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu sábà máa ń le ju èyí tí wọ́n ń fi ṣíbí bù lọ. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin.

Àyẹ̀wò ṣáájú oògùn màláríà

Paracetamol kì í pa kòkòrò màláríà. Kí wákàtí 24 tó pé, ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọn á gún ìka rẹ̀, èsì á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn tó ń lo ọjọ́ 3, ẹ lò ó pé, kódà bí ọmọ bá ti ń ṣeré. Ẹ má sì jókòó tì í pé eyín ló ń hù. Eyín híhù kì í mú ara gbóná gan-an.

Bí gìrì bá gbé e

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má sì rọ àgbo ìtọ̀ màlúù fún un. Àgbo yẹn lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, kí ó sì pa á. Bí gìrì náà tilẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ má dúró mọ́.

Ẹ gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ọmọ bá:
- kò lè mu ọmú tàbí omi, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ;
- ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú;
- rọ jọwọlọ, tàbí tó ṣòro láti jí;
- ní ọrùn tó le gan-an, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun;
- kò tọ̀ fún wákàtí 8, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, a máa ń ka Fátíhà sí omi, àwọn mìíràn á ránṣẹ́ sí Alfa fún hàntú. Àdúà dára, ẹ máa ṣe é. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ó bá yín rìn lọ sí ilé ìwòsàn. Kó má di ohun tí ẹ jókòó tì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ fi owó ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ti sọ fún ìyá ọmọ ṣáájú pé kó má dúró de àṣẹ yín bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Ìrìn-àjò ọjà lè mú yín pẹ́ lọ́nà. Àìsàn ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí fún wa. Àmín.