Bí nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́ ṣe ń gbé tuntun kọjá: iṣẹ́ tí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá mọ ìlú Ore, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò mọ̀ pé oríta ńlá ni. Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó yà síhìn-ín, ọ̀nà Òkìtìpupa yà sọ́hùn-ún. Oníṣòwò tó bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ láti ibẹ̀ sí Èkó kò ní láti bá ẹrù lọ. Yóò kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á sí i lára, yóò sì fi í lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní gáréèjì. Wébíìlì nìyẹn. Bí wọ́n bá di ẹrù kéékèèké mẹ́wàá sínú àpò kan, ohun tí wọ́n kọ sára àpò nìkan ni awakọ̀ ń wò. Kódà bí wọ́n bá fi èdè Lárúbáwá kọ orúkọ sára àwọn ẹrù inú rẹ̀, kò kàn án. Ẹni tó gba àpò ní Èkó ni yóò tú u, tí yóò sì pín in fún àwọn tó ni ín.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní tunnel, tí a ó máa pè ní ọ̀nà abẹ́lẹ̀ níbí, ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìlànà àdírẹ́sì méjì ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Èyí àtijọ́ ni IPv4, tí ìwé ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1981. Gbogbo àdírẹ́sì tó lè fúnni kò ju 4,294,967,296 lọ, bẹ́ẹ̀ àwa ènìyàn tó wà láyé ti ju bílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ rí i pé kò ní tó, wọ́n gbé ìlànà IPv6 jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1995. Bíìtì 128 ni àdírẹ́sì tuntun yìí, nígbà tí ti àtijọ́ jẹ́ 32. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò gbédè ara wọn. Ráútà tó jẹ́ pé IPv4 nìkan ló mọ̀, bí ìdì ìsọfúnni IPv6 bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ńṣe ni yóò dà á nù. Kò sì sí bí a ṣe lè pa gbogbo ráútà ayé ní ọjọ́ kan ṣoṣo kí a fi tuntun rọ́pò wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ti wúlò. Ẹ̀rọ tó wà ní ẹnu ọ̀nà yóò mú ìdì IPv6 lódindi, yóò fi ìdì IPv4 wé e, yóò kọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó wà ní ìparí ọ̀nà sí i, yóò sì fi nọ́ńbà 41 sí ibi tí wọ́n ti ń sọ irú ẹrù tó wà nínú. Àwọn ráútà ojú ọ̀nà yóò gbé e bí wọ́n ṣe ń gbé ìdì IPv4 mìíràn. Nígbà tó bá dé òpin, wọ́n á bọ́ aṣọ òde kúrò. Aṣọ òde yìí máa ń gba ààyè báìtì 20, nítorí náà ìdì tó yẹ kó gba báìtì 1,500 kò ní lè gba ju 1,480 lọ mọ́. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ òun ló máa ń fà á tí ìkànnì kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣí, tí yóò sì dúró gbagidi láàárín.

Nẹ́tíwọ̀kì ìdánwò tí wọ́n ń pè ní 6bone, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996 tí wọ́n sì pa á ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2006, orí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló dúró lé. Ní 2001 ni 6to4 dé, tó ń ṣí ọ̀nà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tò ó. Èmi kò gba tirẹ̀ rí: ó dà bí ìgbà tí a fi wébíìlì lé awakọ̀ tí a kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìdì ló sọnù sọ́nà, nígbà tó sì di ọdún 2015, àwọn tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ní kí wọ́n yé lo àdírẹ́sì àjọlò tí ọ̀nà náà gbára lé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n. AFRINIC, tó wà ní Mauritius, tí Adiel Akplogan ọmọ ilẹ̀ Tógò sì jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, ló ń pín àdírẹ́sì fún ilẹ̀ wa. Ìṣúra IPv4 àgbáyé tán ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2011. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, AFRINIC wọ ìpele kejì ìfúnni-níwọ̀n, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan kò ti lè gbà ju 1,024 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ fóònù fi ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sórí àdírẹ́sì kan. Bí ẹnì kan nínú wọn bá hùwà jìbìtì, tí ìkànnì kan sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì náà, gbogbo wọn ló kàn. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Odigbo, tó fẹ́ máa wo kámẹ́rà rẹ̀ láti Èkó, kò ní rí àdírẹ́sì tí yóò gbà wọlé, àyàfi bí ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù bá kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ síta fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà abẹ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìkọ̀kọ̀. Èyí tí a ń sọ yìí kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà lè tú àpò wò. VPN tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sáré lọ gbà nígbà tí ìjọba ti Twitter pa láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ni òun náà, ṣùgbọ́n ó ń fi àṣírí-ìkọ̀wé bo ẹrù inú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èyí tí òun ń lò lè wo àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún ráútà rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì ìdánudúró pín níyà ni IPv4. Èyí tó ní àmì kólọ́ọ̀nù ni IPv6. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127, àjọlò ni. Bó bá sì jẹ́ 2002 ló ṣáájú kólọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, 6to4 ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ náà nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n pa á.